Bẹ́ǹṣì Ìkúnlẹ̀ Tí Mo Tú Gbé Lọ

Lẹ́tà kẹ̀? Bàbá Alágogo, ẹ ní kí n lọ kọ lẹ́tà ná? Èmi tí mo ru bẹ́ǹṣì láti ìsọ̀ mi dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì yìí, tí ọrùn ti fẹ́ wọnú àyà mi, ẹ wá jókòó ti kọ́kọ́rọ́, ẹ ní alàgbà ló sọ pé ẹni tó bá kúrò nínú ìjọ gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà kó tó padà! Nígbà tí mò ń lọ, ṣé mo kọ lẹ́tà ni?

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Mo mọ̀ pé mo jí i. Jíjí náà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ mi yìí ló kàn án. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ìyàwó mi fi kúnlẹ̀ lórí ẹ̀ níwájú pẹpẹ, tòun ti àìsàn, tó ń pe Ẹni Òkè, tó ń pè É, àní ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń fà á dìde. Ó sì kú! Lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹ ní a kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí. Mo fi dé e! Mo tú bẹ́ǹṣì nílẹ̀, mo gbé e lọ, mo ní pákó ni màá máa rẹ́ lórí ẹ̀, orúkọ Rẹ̀ ò sì ní ti ẹnu mi jáde mọ́. Ọdún mẹ́rin rèé.

Ẹ ní wọ́n ti kan tuntun? Mo ti yọjú wò ó lójú fèrèsé. Ta ló kan rádaràda yẹn? Ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ!

Kí ló gbé mi padà? Àná ni. Ẹ mọ̀ pé káfíńtà tó bá fẹ́ rẹ́ pákó, orúnkún ló fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má baà mì. Pákó yọ̀, orúnkún mi bọ́ sórí bẹ́ǹṣì. Mo wolẹ̀. Ayùn ti jẹ etí ẹ̀ tán, àmọ́ ibi méjì tí orúnkún ìyàwó mi mú kó dán ṣì wà láàárín. Yéè! Èmi tí mo ní mi ò kúnlẹ̀ mọ́, ojoojúmọ́ ni mò ń kúnlẹ̀, ojú ibẹ̀ gan-an! Mo la ẹnu kí n pè É, ohùn ò jáde. Láti àná, Bàbá! Mo dúró pè, mo dọ̀bálẹ̀ pè, ọ̀fun mi dí pa.

Rárá o, mi ò wá tọrọ nǹkan kan. Ẹni tí ǹ bá tọrọ fún ti lọ. Ìbínú yìí ló ti rẹ̀ mí. Ta ni mo tún ní? Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ jọ̀ọ́! Bí mo bá fi ẹnu tó dí yìí padà sílé, mo gbé.

Ẹ ò ṣí i? Ó dáa. Mo ti gbé e kalẹ̀ síbí. Ẹ wò ó, kò mì rárá! Ẹ lọ pe alàgbà, kó mú bírò dání, kó wá kọ lẹ́tà ọ̀hún fúnra ẹ̀. Mo ti kúnlẹ̀ ná.

O... Olú... Olúwa.

Bàbá! Ṣé ẹ gbọ́? Ó jáde o! Ó jáde!