Agbádá inú Fọ́tò

Ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ pósítà ìsìnkú ní Ìkọ̀lé, ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ tó ń fi kọ̀ǹpútà yàwòrán ní Èkó ń bára wọn fà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Agbádá ni o máa wọ̀ síbi ìsìnkú ìyá mi," ni ìyá wí. "Ọmọkùnrin ni mo bí. O wá ya ara rẹ bí obìnrin, o gbé e sórí fóònù kí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì lè rí i. A kì í tún iṣẹ́ Ọlọ́run ṣe."

"Obìnrin ni mí, Màámi. Bí mo ṣe rí nínú ni mo yà. Tí n kò bá lè wá bẹ́ẹ̀, n kò ní wá. Ìyá àgbà orí pósítà yìí ńkọ́? Ẹ ní kí n sọ wọ́n di pupa, mo sọ wọ́n di pupa. Ẹ ní kí eyín kún ẹnu wọn, ó kún. Wọn ò rìn kọjá ìlú Òsì rí, wọ́n wá dúró síwájú ilé tí yìnyín bò mọ́lẹ̀."

"Ìyẹn ẹ̀yẹ ni."

Ọmọ náà dìde, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Jókòó. Wọ ohun tó wù ẹ́ wá. Tí wọ́n bá ti ya fọ́tò ẹbí, kí o bá mi fi kọ̀ǹpútà wọ agbádá fún ara rẹ níbẹ̀."