Ohùn Tóyìn Tó Sọnù Nínú Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé ohùn sókè sí Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ohùn òkú mi ṣègbé. Halelúyà!

Gbogbo yín lẹ mọ Tóyìn ìyàwó mi. Ọ̀nà ọ̀fun ni àìsàn ti mú un. Dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní, "Ohùn rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ lọ. Bí ẹ bá ní ohun tí ẹ fẹ́ bára yín sọ, ẹ sọ ọ́ báyìí." Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe ní Ajah, ẹ̀rọ tí mo fi ń gba ohùn sílẹ̀ wà nílé. Tóyìn jókòó síwájú rẹ̀, ó bá ọmọ wa sọ̀rọ̀, ó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí ohùn náà fi lọ lóòótọ́. Òun náà sì lọ. Mo dúpẹ́. Síbẹ̀, mo dúpẹ́.

Ẹ mọ àṣà wa: òbí kì í mọ ibojì ọmọ. Nígbà tí a ń sin Tóyìn, Eléko ni ìyá rẹ̀ wà, nídìí ẹja tí wọ́n ń yan. Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kò lọ lẹ́nu wọn mọ́. Ara wọn gbẹ, a bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé a tún máa sin ẹlòmíràn. Ìgbà tó yá, wọ́n ránṣẹ́ sí mi: "Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ mọ ibojì ọmọ mi. Mo gbà. Ohùn rẹ̀ ńkọ́? Ta ló ní n má gbọ́ ọ? Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú."

Ibì kan ṣoṣo ni ohùn náà wà: nínú kọ̀ǹpútà tí mo fọwọ́ ara mi tò nílé, lórí ohun tí à ń pè ní SSD, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ẹrù rẹ̀ pa mọ́ sí. Ó ti kún dẹ́nu. Mo ra SSD tuntun, pẹlẹbẹ kan báyìí tí wọ́n ń fi sáàárín bọ́ọ̀dù inú rẹ̀, kí ohùn náà lè di méjì. Mo fi í síbẹ̀, mo dè é. Ọ̀sán yẹn náà ni iná ìjọba dé tagbáratagbára, gílóòbù pálọ̀ bẹ́. Mo tan kọ̀ǹpútà. Tuntun hàn. Ti àtijọ́ kò sí.

Mo pààrọ̀ wáyà, kò hàn. Mo gbàdúrà, kò hàn. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa wá wò ó, ó mi orí. "Ọ̀gá, iná ti gbé e lọ. Ẹ jù ú nù, ẹ ṣáà ti ní tuntun." Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n sọ fún Màámi, ìyá Tóyìn, pé kí wọ́n má wulẹ̀ wá. Mi ò lè sọ ọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún ju ti ọjọ́ ìsìnkú lọ. Ó dà bíi pé Tóyìn kú lẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ mi ló sì pa á báyìí.

Nígbà tí Àìkú ku ọ̀la, mo gbé kọ̀ǹpútà sórí itan nínú ọkọ̀ kọ̀rọ́pè, ó di Ìkàté, lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tí ọ̀rẹ́ mi júwe. Kò tiẹ̀ tíì fọwọ́ kàn án tó fi bi mí pé, "Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ ṣe kẹ́yìn kó tó sọnù?"

Mo ní iná ni.

Ó ní, "Mi ò bi yín ní ohun tí iná ṣe. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ẹ ò rí i? Àgbà tó ṣubú, ẹ̀yìn ló yẹ kó wò. Iná ni èmi ń wò. Mo ní mo fi SSD tuntun sí i. Ó ní, "Irú bọ́ọ̀dù yìí, bí pẹlẹbẹ yìí bá ti wọlé, ojú wáyà kan máa ń pa dé. Ojú tí ẹ fi ti àtijọ́ sí gan-an nìyẹn." Ó yọ wáyà náà, ó fi í sójú mìíràn, ó tan án. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Olúwa, o ṣé. Mo tún sọ ọ́, o ṣé.

Màámi dé lọ́jọ́ kejì. Mo tan ohùn náà. Tóyìn ní, "Màámi, mo mọ̀ yín. Ẹ ò ní jẹun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun." Màámi dáhùn bí ìgbà tí àwọn méjèèjì jọ wà nídìí ààrò: "Mo gbọ́, Àdùkẹ́ mi." Wọ́n sunkún, wọ́n sunkún. Lẹ́yìn náà wọ́n nu ojú, wọ́n ní kí n bu oúnjẹ wá.

Mi ò ní purọ́ níwájú pẹpẹ. Tóyìn kò jí. Ilé ṣì dákẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí Ọlọ́run ṣe, mi ò ní fẹnu mi sin ín. Ẹ̀yin tí wọ́n ti sọ fún pé tiyín ti parí, ẹ má tíì jù ú nù. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Màámi ló jókòó lẹ́yìn yẹn. Bí ẹ bá ń kí wọn lẹ́yìn ìsìn, ẹ má sọ pé ẹ kú ìrọ́jú mọ́. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun.