Ẹ̀jẹ̀ Ẹlòmíràn Ni Mo Fi Tọrọ Ìyàwó

Ìsmáílà mẹkáníìkì ní òótọ́ gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ náà, yálà yìgì á so tàbí kò ní í so. Àárọ̀ Àlàmísì ni, ó sì ku ọjọ́ mẹ́jọ péré kí Lèmọ́mù so òun àti Jàmílàt pọ̀. Ó bá Jàmílàt àti màmá rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gúsí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn n'Ígbó-Ọrà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò sì dìde. Àbdùlàhí, ìkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ wá sáyé lọ́jọ́ kan náà, tẹ̀lé e wọlé, òun náà sì dọ̀bálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Màmá Jàmílàt wo ọkùnrin méjì tí ojú wọn rí bákan náà nílẹ̀, ó ní kí ẹni tó ṣẹ̀ nínú wọn jókòó kó sọ̀rọ̀, kí ẹni tí kò ṣẹ̀ wá bá àwọn bó ẹ̀gúsí. Àbdùlàhí dìde, ó lọ síbi ẹ̀gúsí. Ìsmáílà ní òun ò ní í jókòó. Ó ní bí òun bá jókòó tí ara tu òun, ẹnu òun á tún wá irọ́ mìíràn pa.

Ó wá bẹ̀rẹ̀. Ó ní ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn, nígbà tí kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí àwọn ẹbí méjèèjì ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, òun lọ tún ọ̀kadà oníbàárà kan ṣe ní Èrúwà. Òjò ká òun mọ́bẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta aṣọ òkìrìkà létí ibùdókọ̀ ní kí òun yà sábẹ́ òrùlé ìsọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rín di ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ sì di ohun tí kò yẹ kó dà. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má bú obìnrin náà, nítorí kò fipá mú òun, ẹsẹ̀ ara òun lòun fi rìn wọ yàrá. Rọ́bà ìdáàbòbò ni àwọn lò. Rọ́bà náà kò já, kò sì yọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta lòun yẹ̀ ẹ́ wò kí òun tó jù ú nù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo náà ni, òun ò sì padà síbẹ̀ mọ́. Jàmílàt, tó ń bó ẹ̀gúsí bọ̀ láti ìgbà tó ti ń sọ̀rọ̀, dáwọ́ dúró.

Ìsmáílà ní kí òun tó gun ọ̀kadà dé Igbó-Ọrà lọ́jọ́ náà ni ìbẹ̀rù ti wọ òun lára. Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀nà ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dun òun. Ọ̀fun ń dun gbogbo ẹni tó ní ìsọ̀ lágbègbè náà nítorí eruku ọ̀nà tí wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n tòun nìkan lòun gbà pé HIV ló fà á. Òun gbé fóònù, òun béèrè nípa ọ̀fun dídùn; fóònù ka oríṣiríṣi àìsàn sílẹ̀, òun mú èyí tó burú jù nínú wọn. Ìléròrò yọ sí òun lẹ́yìn, òun ya fọ́tò rẹ̀, òun ń fi wé fọ́tò aláìsàn tí òun ò mọ̀ rí. Nígbà tó yá, òun bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn gbáàgúdá gbígbẹ, láti wo bóyá òun ti ń rù. Láàárọ̀ òun á gun òṣùwọ̀n, nírọ̀lẹ́ òun á tún gùn ún, títí ẹni tó ni òṣùwọ̀n fi bi òun pé ta ni òun fẹ́ ta ara òun fún, nítorí pé kò sí ẹrù mìíràn tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bẹ́ẹ̀.

Màmá Jàmílàt fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti jáde. Ìsmáílà ní kí Màmá dákun má tíì rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ kò tíì dé ibi tó burú.

Ó ní òun ya ife àti ṣíbí òun sọ́tọ̀ nílé. Òun purọ́ fún Jàmílàt pé eyín ń dun òun, kó má baà sún mọ́ òun. Nígbà tí Jàmílàt sunkún pé ìfẹ́ ti tán, òun ní wàhálà iṣẹ́ ni. Ó ní ẹ wo ìwà òmùgọ̀: òun ń dáàbò bo ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ àrùn tí kò dájú, òun sì ń fi irọ́ tó dájú pa á lẹ́kún. Bẹ́ẹ̀ ilé ìwòsàn kò jìnnà sí ìsọ̀ òun, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lòun dé ẹnu géètì, ẹ̀ẹ̀mẹrin lòun yí orí ọ̀kadà padà.

Ìgbà náà ni Lèmọ́mù ní òun ò ní í so yìgì àfi bí tọkọtaya bá mú ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wá. Ìsmáílà gbé orí sókè díẹ̀, ó ní ibi tó burú nìyí, kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun sọ ọ́ tán. Ó ní òun lọ bá Àbdùlàhí lóko, òun purọ́ fún un pé òun ti ṣe àyẹ̀wò ní Ìbàdàn, pé ara òun le koko, pé oníbàárà kan láti Ayétẹ̀ ló ń dúró de òun lọ́jọ́ tí àwọn fẹ́ lọ gbàwé, kó jọ̀ọ́ lọ bá òun fi ìka sílẹ̀. Àbdùlàhí, tó ti ní ìyàwó àti ọmọ méjì tirẹ̀, kò mọ bí wọ́n ti ń sọ pé rárá fún ìkejì ẹni. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì Ìsmáílà, ó dé fìlà Ìsmáílà, ó lọ jókòó ti Jàmílàt lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n gún un níka, wọ́n sì fún un ní ìwé tí orúkọ Ìsmáílà wà lára rẹ̀.

“Èmi fúnra mi ni mo gbé ìwé náà lé Lèmọ́mù lọ́wọ́. Ó ṣàdúà sí i, mo ń ṣe àmín. Màmá, àmín yẹn kò tíì kúrò lẹ́nu mi títí di òní.”

Ó ní àná ni Jàmílàt gbé oúnjẹ wá sí ìsọ̀, tó sì sọ pé ọkàn òun balẹ̀ nítorí pé àwọn méjèèjì ti rí ìwé ara wọn. Òun da òkèlè ọwọ́ òun padà sínú abọ́. Òun ò lè gbé irọ́ náà mì mọ́.

“Jàmílàt, mi ò mọ ohun tó wà lára mi. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò kì í ṣe tèmi. Mi ò lè fi ìwọ dán an wò. Bí o bá ní kí n máa lọ, màá lọ, ṣùgbọ́n dárí jì mí.”

Àbdùlàhí, tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ Èrúwà rí, da ẹ̀gúsí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó káwọ́ lérí. Jàmílàt gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára ìró rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè.

“Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ náà pé ẹ̀yin kọ́ ni. Ọwọ́ òsì ni Bọ̀dá Àbdùlàhí fi kọ orúkọ yín. Ẹ̀yin kì í fi ọwọ́ òsì kọ nǹkan.”

Ó wá ṣàlàyé pé òun rò pé Ìsmáílà ti mọ̀ pé àrùn náà wà lára rẹ̀, ó kàn ń fi pamọ́ ni. Lọ́jọ́ kejì àyẹ̀wò ni òun nìkan padà lọ bá Nọ́ọ̀sì Adéwùmí tó gún àwọn níka, òun bi í bóyá obìnrin lè fẹ́ ẹni tó ní kòkòrò HIV. Nọ́ọ̀sì ní ó lè fẹ́ ẹ, pé bí ẹni náà bá ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́ títí kòkòrò náà fi lọ sílẹ̀ tí àyẹ̀wò ò rí i mọ́, kò ní í kó o ran ìyàwó, wọ́n á sì bí ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Òun sì ti pinnu lọ́kàn.

“Àrùn kọ́ ni mo ń bẹ̀rù. Ẹni tó lè wo ojú mi kó máa purọ́ ni mò ń bẹ̀rù. Mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ̀rọ̀ àná yẹn ni, kí ẹnu yín lè là. Ká ní ọjọ́ yìgì dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀, níwájú Lèmọ́mù ni mi ò bá ti dìde kí n máa lọ.”

Màmá Jàmílàt ní ọ̀rọ̀ tó, kí gbogbo wọn dìde, ilé ìwòsàn kò tíì palẹ̀ mọ́. Ọ̀kadà méjì ló gbé àwọn mẹ́rin lọ. Nọ́ọ̀sì Adéwùmí wo Ìsmáílà, ó wo Àbdùlàhí, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò wọ́n. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó bá àwọn méjèèjì wí bí ọmọ iléèwé, ó ní irú ìwé irọ́ bẹ́ẹ̀ lè ba ayé ẹlòmíràn jẹ́. Lẹ́yìn náà ó fara balẹ̀ bi Ìsmáílà léèrè ohun gbogbo. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n lo rọ́bà tí kò já, ewu rẹ̀ kéré púpọ̀. Ó ní ká ní ó wá láàárín ọjọ́ mẹ́ta, oògùn wà tí wọ́n ì bá fún un láti fi dènà rẹ̀ bó bá yẹ, ṣùgbọ́n níwọ̀n bó ti ju oṣù mẹ́ta lọ, ohun tí àyẹ̀wò bá sọ lónìí, abẹ gé ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ó gún un níka. Wọ́n dúró. Ìsmáílà ń wo ilẹ̀, Àbdùlàhí ń wo Ìsmáílà. Ìlà kan ṣoṣo ló yọ lára ohun tí wọ́n fi yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Nọ́ọ̀sì ní kò sí àrùn. Ìsmáílà ní kó tún un sọ, ó tún un sọ. Ó ní kó tún òmíràn ṣe, Nọ́ọ̀sì gbé àpótí rẹ̀ kúrò níwájú rẹ̀.

“Kòkòrò kankan kò sí lára rẹ. Ìbẹ̀rù ló wà níbẹ̀, òun náà sì ní ìtọ́jú. Bó bá tún dé, má gbé fóònù, má gun òṣùwọ̀n. Sọ ọ́ fún ẹni tó sún mọ́ ọ, kí o padà sídìí iṣẹ́ rẹ. Bí kò bá lọ, wá bá mi, a ó jọ sọ̀rọ̀.”

Ẹ̀rín gbé Ìsmáílà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, omijé ń bọ́. Àbdùlàhí dì mọ́ ọn, Màmá Jàmílàt sì jó ijó díẹ̀ níbi tó dúró sí, ó ní òun ń na ẹsẹ̀ ni. Jàmílàt náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó jáde, ó ní ìwé náà ti parí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, kò tíì parí ọ̀rọ̀ Èrúwà. Ó ní kí Ìsmáílà lọ jẹ́wọ́ fún Lèmọ́mù fúnra rẹ̀, kí wọ́n sì sún yìgì síwájú ní ogójì ọjọ́, kí òun fi wo ẹni tí òun fẹ́ fẹ́. Ìsmáílà gbà, ó sì lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Lèmọ́mù bá a wí, ó ya ìwé irọ́, ó sì tún àdúà ṣe.

Láàárín ogójì ọjọ́ náà, egbò yọ sí Ìsmáílà lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ rẹ̀ ti na fóònù kó tó rántí. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó lọ sọ fún Jàmílàt, ó padà wá tú ẹ́ńjìnnì kan palẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin egbò náà ti jinná. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé ìgbà tí ogójì ọjọ́ pé, yìgì so, ẹ̀rín sì kún ilé.

Ìsmáílà kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ mọ́. Bí àwọn ọ̀dọ́ ọlọ́kadà bá pé jọ ní ìsọ̀ rẹ̀, ó máa ń sọ ọ́ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì yọ ara rẹ̀ sílẹ̀.

“Ẹ pa ara yín mọ́. Bí ẹ bá sì ti ṣe ohun tó ń bà yín lẹ́rù, ẹ tètè lọ, kó má tíì pé ọjọ́ mẹ́ta. Bó bá ti pẹ́, ẹ ṣì lọ. Ìka ara yín ni kí ẹ nà fún nọ́ọ̀sì, kí ẹ sì fi ẹnu ara yín sọ fún ẹni tí ẹ fẹ́ fẹ́.”

Wọ́n á rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n, wọ́n á túká. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan á yọ́ padà wá, á ní ọ̀rẹ́ òun kan fẹ́ mọ ìgbà tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn ní ilé ìwòsàn. Ìsmáílà kì í béèrè orúkọ ọ̀rẹ́ náà. Á nu ọ́ìlì ọwọ́ rẹ̀, á ṣáná sí ọ̀kadà, á ní kó gun ẹ̀yìn.