Mo Yí Ọ̀rọ̀ Mọ́mì Padà Létí Málàm

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ó ti pé oṣù mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ yìí ti há sí mi lọ́fun. Mi ò sọ fún ọkọ mi, mi ò sọ fún pásítọ̀. Ohun tí mo rí lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ni mi ò lè gbé mì.

Àìsàn tó ń jẹ iṣan ara díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣe mí. Télọ̀ ni mí ní Muchia, ní Zaria níbí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ò lè wa ẹ̀rọ mọ́. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, àwa mẹ́jọ tí irú àìsàn yìí ń ṣe máa ń pàdé ní gbọ̀ngàn kan ní Wusasa. Fisiọ́ kan, ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan, tí à ń pè ní Málàm, ló ń darí wa: ká dìde lórí àga, ká jókòó, ká na apá. Òun ló ń sọ iye tí kálukú máa ṣe, kò sì gba agídí. Ó ní iṣan tiwa, tí a bá lò ó kọjá agbára rẹ̀, ó lè má padà sípò mọ́.

Ìyá kan wà láàárín wa, Mọ́mì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ọ̀fà ni wọ́n ti wá bá ọmọ wọn, Bọ̀ọ̀dá, tó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì. Mọ́mì ò gbọ́ Hausa, wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Málàm náà ò sì gbọ́ Yorùbá. Èmi tí wọ́n bí sí Zaria ni mo di ògbufọ̀. Bọ̀ọ̀dá wá ń fi mọ́tò gbé àwa méjèèjì lọ, wọ́n á kọjá síbi iṣẹ́, wọ́n á tún wá gbé wa bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ yín le, ẹ ò lè mọ ohun tí mọ́tò yẹn jẹ́ fún mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣubú níbi tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ Maruwa.

Lọ́jọ́ kan, Málàm bi Mọ́mì bó ṣe máa ń bi gbogbo wa ká tó bẹ̀rẹ̀: "Yaya jiki?" Ara ńkọ́?

Mọ́mì kọjú sí mi. "Ọmọ mi, sọ fún un pé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni itan ti ń ro mí. Mi ò lè dá dìde nílé ìwẹ̀ lánàá. Ṣé kí n sinmi ni?"

Mo mọ ohun tí Málàm máa sọ. Á ní kí wọ́n jókòó sílé, òun á máa wá wò wọ́n níbẹ̀. Kò ní sí mọ́tò mọ́ nìyẹn. Ni mo bá dáhùn pé, "Da sauƙi." Ara ti ń yá, bí gbogbo Hausa ṣe máa ń dáhùn. Málàm rẹ́rìn-ín, ó tún fi márùn-ún kún iye tí Mọ́mì ń ṣe.

Mọ́mì bi mí pé kí ló wí. Mo ní, "Ó ní kí ẹ fara dà á, ẹ má sinmi." Olúwa ò! Ẹnu èmi yìí náà ni!

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi pa irọ́ kan náà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Mọ́mì dìde lórí àga, orúnkún wọn yẹ̀, wọ́n ṣubú. Láti ìgbà náà wọn ò lè dá rìn. Málàm bi mí bóyá wọ́n ti sọ pé ibì kan ń dun àwọn. Mo ní rárá. Ó ní á jẹ́ pé àìsàn náà ló ń yára. Bọ̀ọ̀dá tiẹ̀ dúpẹ́ pé mo dúró ti ìyá àwọn, wọ́n ní àwọn á ṣì máa gbé mi lọ bí Mọ́mì ò tilẹ̀ lè wá mọ́. Títí di Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mọ́tò wọn ṣì ni mo ń wọ̀. Ojú ń tì mí, ẹ jọ̀ọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo lọ kí Mọ́mì lẹ́yìn ìsìn. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti di irin bẹ́ẹ̀dì mú, tí wọ́n ń fipá dìde, tí wọ́n ń kà á, tí ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n. Mo pariwo, "Mọ́mì, kí lẹ ń ṣe?"

"Ṣebí Málàm ní kí n má sinmi? Ó ní láti jẹ́ pé mi ò ṣe é tó ni mo fi ṣubú. Má sọ fún bọ̀ọ̀dá rẹ o."

Mo ní kí wọ́n dáwọ́ dúró. Wọ́n ní ṣé mo wá mọ̀ ju Málàm lọ ni. Mo wọ́ ẹsẹ̀ mi jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, Bọ̀ọ̀dá ni, Málàm ni, àbí Mọ́mì fúnra wọn? Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ. Ọ̀rọ̀ tí mo máa fi bẹ̀rẹ̀ ni mi ò rí. Ẹ má jẹ́ kí èsì yín pẹ́, nítorí Mọ́mì sọ fún mi pé lójoojúmọ́ ni àwọn ń fi ọ̀kan kún iye ìgbà tí àwọn ń dìde.