Gáàsì Tí Clell Fi Ta Bíà Sókè

Rárá, má jókòó. Dúró síbẹ̀, Clell, kí n rí ojú ẹ dáadáa. Àbúrò ọkọ mi ni ẹ́, ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń dáná fún ẹ, mi ò sì gbé ohùn sókè sí ẹ rí, ṣùgbọ́n ohun tó fojú mi rí lánàá ní gbọ̀ngàn ìdíje ẹṣin tí mo ti ń fín orúkọ sára fàdákà, níwájú àwọn ará Nevada tó mọ̀ mí tó mọ iṣẹ́ mi, bí mo bá gbé e mì, á há mi lọ́fun. Ta ló gbé sílíńdà gáàsì mi? Má wẹ̀yìn, kò sí ẹlòmíì níbẹ̀. Àpò tí mo fi ń gbé e ń rùn bíà.

Bíà, Clell. Ẹ̀yin géńdé méjìlá, ẹ kó ara yín jọ láti fi irin gbígbóná sàmì sára ọmọ màlúù, ẹ ò lè mu ún látinú agolo bí ọmọ èèyàn, àfi kẹ́ ẹ gbé àgbá kalẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi gáàsì mi ta bíà inú ẹ̀ sókè.

Ṣé o rò pé ọwọ́ ni mo fi ń ti irin ìfín yẹn? Ọwọ́ wo? Ọrùn ọwọ́ tí dókítà ti là lẹ́ẹ̀mejì yìí? Gáàsì ló ń lù ú látinú, kíákíá kíákíá, bí àkókó ṣe ń sọ igi, èmi kàn ń darí ẹ̀ lọ ni. Wọn ò gbà ká gbé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wọ gbọ̀ngàn ọ̀hún, ariwo ẹ̀ ń dẹ́rù ba ẹṣin. Sílíńdà kékeré yẹn ni gbogbo agbára mi. Abẹ́ tábìlì ló máa ń wà, kò ní pariwo kankan.

Lo bá jẹ́ kí ojú tì mí níwájú baba Teague.

Ṣé o mọ ohun tí baba yẹn gbé wá? Orí bẹ́líìtì fàdákà tó gbà lọ́dún tó fẹ́ Oleta, nígbà tó gun ẹṣin tó ti ju gbogbo èèyàn nù. Oleta kú lóṣù kẹta. Ojú baba ọ̀hún kan ti fọ́, dókítà sì ní èkejì ò ní pẹ́ tẹ̀ lé e. Kò ní kí n fín orúkọ ìyàwó òun sẹ́yìn ẹ̀ kí n fi ránṣẹ́ o. Ó ní òun fẹ́ jókòó tì mí, kí òun máa wò ó bó ṣe ń jáde, níwọ̀n ìgbà tí òun ṣì ń ríran díẹ̀.

Mo fín O. Mo fín L. Mo fín E tán, irin náà gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Mo fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà tó ń tú gáàsì sí i. Mo tún un tẹ̀. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Mo ń rẹ́rìn-ín sí baba náà. Mo fẹ́ fọwọ́ tì í, ọrùn ọwọ́ mi ò gbà fún mi, mo sì yáa gbé e kúrò kí n má bàa ba fàdákà jẹ́. Ọjọ́ Àìkú ni, gbogbo ilé gáàsì ló tì. Baba ní, "Má ṣe ara ẹ léṣe, ọmọ mi." Ó fi àtàǹpàkò wá lẹ́tà mẹ́ta náà kàn, ó wé e sínú áńkáṣíìfù, ó lọ.

Kí ni? Ṣé mi ò wo géèjì orí ẹ̀ tó ń sọ bí gáàsì ṣe kù sí ni? Mo wò ó. Ó ní ó kún. Ìwọ náà mọ̀ pé géèjì kì í sọ òótọ́ nípa gáàsì yìí, ibì kan náà ló ń tọ́ka sí títí gáàsì tó dì bí omi nínú ẹ̀ á fi gbẹ. Òṣùwọ̀n nìkan la lè gbà gbọ́. Mo sì ti wọ̀n ọ́n ní Ọjọ́bọ̀, mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sí ìdí ẹ̀. Ta ló tún ń wọn ohun tó ti wọ̀n?

Sọ ọ́ sókè, mi ò gbọ́.

Èmi? Èmi ni mo ní kó o gbé e? Nígbà wo? Lọ́jọ́ Ẹtì… tí mo dojú bo awò tí mo fi ń fín nǹkan… o bi mí, mo sì ní "ẹn-ẹn, gbé e." Verl wà níbẹ̀? Ọkọ mi gbọ́ ọ, kò sì sọ nǹkan kan?

Clell, ta ni ò mọ̀ nínú ilé yìí pé bí ojú mi bá ti wà nínú awò, ẹnu mi kì í ṣe tèmi mọ́? Bí wọ́n bá bi mí pé ṣé kí wọ́n ta ilé, ẹn-ẹn ni màá sọ. Ó dáa, mo gbà, mo sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò sọ pé kó o fà á gbẹ, kó o dá a padà sáyè ẹ̀, kó o sì panu mọ́.

Mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ilé gáàsì ti ṣí. Kí wọ́n rọ ọ́ kún, dúró ti òṣùwọ̀n kó o fojú ara ẹ rí i. Ọgọ́ta máìlì ni ilé baba Teague, a ò ní sọ pé kó wá bá wa, àwa la máa lọ. Ìwọ lo máa gbé sílíńdà wọlé, ìwọ lo máa fẹnu ara ẹ sọ ibi tí gáàsì gbà lọ, èmi náà á sọ tèmi. Kó o sì gbé iná ńlá inú ṣọ́ọ̀bù dání, èyí tó mọ́lẹ̀ jù.

Lẹ́tà méjì ló kù fún un láti rí. Jẹ́ ká lọ.