Ohùn Bàbá Yín Tí Mo Sọ Di Òdo

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n yẹn, kí ẹ jókòó. Bàbá yín náà kò gbọdọ̀ dìde. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń gbé mì láti ọjọ́ yìí wá kò ṣeé gbé mì mọ́. Láti àná tí àbígbẹ̀yìn ti bi mí pé, "Màámi, báwo ni ohùn Dádì ṣe rí?" ni oúnjẹ kò ti lọ lọ́fun mi. Mo ti máa ń sọ fún yín pé dísíìkì tí ohùn náà wà nínú rẹ̀ ló bàjẹ́ fúnra rẹ̀. Irọ́ ni mo pa. Èmi ni mo bà á jẹ́.

Nígbà tí mo lóyún àbígbẹ̀yìn, bàbá yín bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá ẹ̀yìn ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Mo máa ń gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́ àti ẹ̀rín níbẹ̀. Bí mo bá ti kan ilẹ̀kùn, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́. "Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?" "Kò sẹ́nìkan, Dókítà." Ó ń pè mí ní Dókítà torí èmi ni mo máa ń jí dísíìkì tó bá kú dìde. Ara fu mí. Mo wá ń gbóòórùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí n tó fọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kan, mo lẹ etí mọ́ ilẹ̀kùn, mo gbọ́ tó ní, "Mo fẹ́ràn rẹ gan-an. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé mi ò fẹ́ràn rẹ." Èmi aláboyún gbà pé obìnrin mìíràn ló ń bá sọ̀rọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní òun ń lọ rí dókítà nítorí ọ̀fun òun. Ta ló ń fín lọ́fínńdà lọ rí dókítà? Bó ṣe jáde ni mo tú yàrá ẹ̀yìn, mo rí SSD kékeré kan, dísíìkì ìgbàlódé tí kì í yí, lábẹ́ àwọn kíbọ́ọ̀dù àlòkù. Ó ní ọ̀rọ̀ aṣínà. Mo tẹ orúkọ mi, kò ṣí. Owú wá gba ojú mi. Mo ní bí mo bá ba ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ díẹ̀, èmi náà ló máa gbé e wá bá, á sì di dandan kó fún mi ní ọ̀rọ̀ aṣínà yẹn. Mo kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ìbẹ̀rẹ̀ náà pamọ́, kí n lè dá a padà. Lẹ́yìn náà mo ṣí ojú dúdú tí a ń tẹ àṣẹ sí, mo tẹ àṣẹ tó ń sọ gbogbo búlọ́ọ̀kù, gbogbo àyè tí nǹkan wà lórí dísíìkì, di òdo. Mo fẹ́ dá a dúró lójú ẹsẹ̀ ni! Dísíìkì àtijọ́ tó ń yí nínú, èèyàn lè fi àṣẹ yìí sílẹ̀ kó lọ se oúnjẹ, kò ní tíì dé ìdajì. Àmọ́ ọwọ́ mi ò tíì kúrò lórí Ẹ́ńtà tí eléyìí fi parí. Mo wo ìbẹ̀rẹ̀, òdo. Mo wo àárín, òdo. Mo wo ìparí, òdo; ẹ̀dà ìbẹ̀rẹ̀ tí mo pamọ́ kò sì lè jí ìyókù.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wá. Ohùn rẹ̀ ti ha. "Dókítà, jọ̀ọ́, bá mi jí i." Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé ní ilé ìwòsàn, wọ́n máa gé àpótí ohùn tó wà lọ́fun òun kúrò lọ́jọ́ kejì, pé òun kò fẹ́ dẹ́rù ba aláboyún. Ọmọ inú mi ló ń bá sọ̀rọ̀, tó ń gbà á sílẹ̀ sínú dísíìkì yẹn, láti ìgbà tí ohùn rẹ̀ ṣì já gaara. "Òun nìkan ni kò ní gbọ́ mi rí," ó ní. Ó yẹ kí n wólẹ̀ níbẹ̀. Èmi òpùrọ́ ní, "Irú dísíìkì yìí kì í kìlọ̀ kó tó kú." Ó gbìyànjú láti tún un gbà sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ yẹn, àmọ́ èémí lásán ló ń jáde.

Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ ni òun náà. Dísíìkì tó ń kú á máa há, á máa ráhùn. Kì í nu ara rẹ̀ mọ́ látòkè délẹ̀. Ó wo àwọn òdo yẹn, ó wò mí, ó sì pa kọ̀ǹpútà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ojú rẹ̀. Bó bá fọwọ́ kàn mí léjìká, mo máa ń ta gìrì. Bó bá rẹ́rìn-ín tí kò ní ohùn, mo máa ń rò pé èmi ló ń rín.

Ẹ wo ojú rẹ̀ báyìí. Kò yà á lẹ́nu. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí! Baálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí.

Àbígbẹ̀yìn, sún mọ́ mi. "Mo fẹ́ràn rẹ gan-an. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé mi ò fẹ́ràn rẹ." Ìyẹn nìkan ló ṣẹ́kù nínú gbogbo ohun tó bá ẹ sọ, etí tí mo lẹ mọ́ ilẹ̀kùn ló bá ẹ tọ́jú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ jinlẹ̀. Ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀ kó tó sọ "gan-an".