Omi Tí Mo Gbé fún Kah Yean

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ jù nínú mi, ó sì yẹ kó jáde kí Màmá Àgbà tó darúgbó kọjá ẹni tó lè gbọ́ ọ. Ohun tí mo sọ fún dókítà lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi kú, irọ́ ni. Èmi Kah Mun ni mo pa á, ní ilé ìwòsàn kan ní erékùṣù Pulau Pinang, ó di ọdún mẹ́ta báyìí.

Ẹ̀gbọ́n mi Kah Yean kò lè jẹun. Ó ní ohùn kan wà nínú orí òun tó máa ń bú òun bí òun bá ti mú ṣíbí. Nílé wa, ọmọ tó kéré jù kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ láìpe àwọn àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n jẹun. Èmi ni mo máa ń pè wọ́n. Bí gbogbo wọn bá ti ń wò mí, Kah Yean á fi abọ́ rẹ̀ pààrọ̀ tèmi, tí mo ti mọ̀ọ́mọ̀ bu ìrẹsì díẹ̀ sí. Ó ń gbẹ, mo ń sanra. Màmá Àgbà a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé, “Kah Mun, rọra o, àga nìkan ló kù tó ò tíì jẹ.” Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ẹ ò rí ìwà mi.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dákú, wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì Kalaivani, tó ń fi ẹ̀rọ òòfà tọ́jú àìsàn ọpọlọ. Á gbé e lé apá òsì iwájú orí rẹ̀, á máa dún kọ̀-kọ̀-kọ̀ bí àkókó tó ń sọ igi. Ogún ìgbà ni wọ́n ní kó wá. Lẹ́yìn ìgbà kẹwàá, ó dì mọ́ mi lọ́nà ilé, ó ní, “Àbúrò, ohùn yẹn ti rẹlẹ̀. Ebi ń pa mí.” Fúnra rẹ̀ ló jẹ ìdajì abọ́ ìrẹsì olómi lọ́jọ́ náà. Mo lọ sunkún ní bálùwẹ̀.

Ṣùgbọ́n ara kò tètè tẹ̀lé orí. Bí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá tó kílò méjìdínlógójì, wọ́n á dá ẹ̀rọ dúró, wọ́n á dá a dúró sí wọ́ọ̀dù. Ó bẹ̀ mí pé, “Má jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀rọ yìí lọ́wọ́ mi. Omi kì í pa èèyàn.” Ni mo bá ń gbé omi fún un kó tó gun òṣùwọ̀n, ìgò kan, ìgò méjì. Bí nọ́ọ̀sì bá béèrè pé, “Ṣé kò mu omi jù?” èmi ni mo máa ń dáhùn pé rárá. Èmi tí ojú máa ń tì láti kí àlejò.

Nígbà kẹrìnlá, ìgò mẹ́rin ni. Orí ń fọ́ ọ, èébì ń gbé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró. Mo ṣì dì í lápá mú wọlé. Ẹ̀rọ kò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ tí gìrì fi gbé e lórí àga. Dókítà sáré wọlé, ó yíjú sí mi: “Ọmọ mi, sọ òótọ́. Ṣé ó mu omi púpọ̀ láàárọ̀ yìí? Bó bá mu ún, iyọ̀ ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, oògùn ọ̀tọ̀ ni màá fún un.” Màmá Àgbà dúró lẹ́yìn mi, ọwọ́ wọn wà léjìká mi. Àwọn ló kọ́ mi ní ìwé àti ìwà nílé, pé a kì í tú àṣírí ilé síta. Mo ní, “Rárá, Dókítà. Kò mu nǹkan kan.”

Kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó jáde, ọpọlọ ẹ̀gbọ́n mi ti wú. Kò lajú mọ́. Dókítà ní omi ni; Màmá Àgbà ní, “Ọmọ mi yìí kì í purọ́. Òòfà yín ló pa á.” Wọ́n pariwo títí, ilé ìwòsàn sì fi ọ̀rọ̀ mi lé Kalaivani kúrò níbi iṣẹ́.

Mo wá a lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó ní, “Ìgbà kẹtàlá, ẹ̀gbọ́n rẹ bi mí bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀wà nílé wa. Ó fẹ́ tọ́ ọ wò.”

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bo ẹni tí ẹ fẹ́ràn láṣìírí, bí dókítà bá bi yín, ẹ dáhùn, kódà kí gbogbo àgbà ilé dúró tì yín. Màmá Àgbà, n kò ní kí ẹ dárí jì mí lónìí. Ẹ kọ́kọ́ lọ bẹ Kalaivani. Òun ló jẹ́ kí ebi tún máa pa ọmọ yín.